Kí Àgbà Tó Wí Pé Dìde

"Àyà yín ò tíì kan ilẹ̀," ni ẹní ìdọ̀bálẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà wí.

Dáhùnsi tún ara rẹ̀ tẹ́. Ó fi àyà kan ẹní, ó fi àgbọ̀n kàn án, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lulẹ̀. Ẹní náà gbóná díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó ń wọn ìwúwo rẹ̀, ó sì ń ka èémí rẹ̀. Lókè orí rẹ̀ ni bàtà aṣọ́nà ilé ìwòsàn wà, bàtà rọ́bà aláwọ̀ ewé tí ọmọ ìka ńlá ti lu ihò sí níwájú.

"Èémí mẹ́ta," ni ẹní wí. "Ó ku mẹ́fà."

Aṣọ́nà náà kò tíì di àgbà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, bẹ́ẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ti ń ka ènìyàn mọ́ àgbà ní Òkè-Àgbà. Ṣùgbọ́n ó ju Dáhùnsi lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ọjọ́ orí tó wà lọ́rùn Dáhùnsi ti gbọ̀n nígbà tó ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó dé ẹnu ọ̀nà, bó ti máa ń gbọ̀n tí ẹni tó juni lọ bá wà nítòsí. Ìlẹ̀kẹ̀ kì í purọ́, kì í sì í bojú wẹ̀yìn.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́," ni aṣọ́nà ń wí lókè. "Wàá dàgbà, wàá dogbó. Àwọn ọmọ rẹ náà á dọ̀bálẹ̀ fún ọ."

"Àmín," ni Dáhùnsi wí, ibẹ̀ náà ni nǹkan yẹn ti gbéra. Omi kíkan náà kúrò nísàlẹ̀ ikùn, ó gba àárín àyà gòkè bí ẹni ń fa okùn oníná, ó dé ìdí ahọ́n. Ó kan, ó tún korò. Dáhùnsi pa ẹnu dé gbà á, ó gbé e mì padà. Lílọ rẹ̀ ta á ju bíbọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ó pé," ni ẹní wí.

"Dìde, ọmọ mi," ni aṣọ́nà wí. Ó wò ó lójú. "Kí ló dé tí omi ń dà lójú rẹ?"

"Inú mi ló dùn láti kí yín, sà."

"Ọlọ́run á bù kún ọ," ni aṣọ́nà wí, ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Dáhùnsi. Ọmọdé ni. Láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀mí gígùn ti dé, ikú ti di ohun tí à ń gbọ́ láti òkèèrè, àwọn àgbà sì ń pọ̀ sí i, bí ìgbà tí amọ̀kòkò bá ń to ìkòkò lé ara wọn. Ìkòkò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló mọ bí èyí tó kù ṣe wúwo tó.

Nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kúnlẹ̀ fún un lórí ẹní kékeré tó wà nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Èémí méjì péré ni òfin béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ ìlera. Ó dìde, ó fọwọ́, ó sì ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ojú lórí bọ Dáhùnsi lọ́fun.

"Ẹ wo ara ògiri, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi ojú ara yín rí i."

Dáhùnsi wo ògiri. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nìyẹn, ó gbòòrò bí ihò àpáta. Ó pupa bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó awọ lára rẹ̀. Egbò fà gbọọrọgbọọrọ lára rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ojú wọn funfun.

"Ilẹ̀kùn ikùn nìyí." Abọ́sẹ̀dé fi ìka kan ògiri. "Ó yẹ kó máa tì lẹ́yìn oúnjẹ. Tiyín ti dẹ̀ bí ìdí ṣòkòtò tí okùn rẹ̀ já."

Ó fa okùn náà jáde kí Dáhùnsi lè rí ẹnu fọhùn.

"Ṣé èmi lo pè ní ṣòkòtò?"

"Ọ̀fun yín ni mo sọ, mi ò sọ ẹ̀yin." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Èèyàn mélòó lẹ dọ̀bálẹ̀ fún lánàá?"

"Mọ́kànlélógójì. Ọjọ́ ìpàdé àdúgbò ni."

"Ẹ ti jẹun kẹ́ ẹ tó lọ síbẹ̀?"

"Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fún wa lóúnjẹ. Ta ló máa kọ oúnjẹ àgbà?"

Abọ́sẹ̀dé mí kanlẹ̀. "Oògùn tí mò ń fún yín ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ó lè dín omi kíkan náà kù, àmọ́ kò lè ní kí omi má ṣàn síbi tó bá dagẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ń tẹ́ ara yín sílẹ̀ báyìí, egbò yìí á di àpá, àpá á fún ọ̀nà náà pa. Kí ọdún yìí tó parí, omi lásán lè má kọjá mọ́. Bí kò bá sì fún, ó lè yí padà di nǹkan tí mi ò fẹ́ fi ẹnu mi pè."

Nínú oṣù mẹ́ta tó kọjá, Dáhùnsi ti fi iṣu sílẹ̀, ó ti fi ẹran sílẹ̀, ó ti ń mu ẹ̀kọ bí ọmọ ọwọ́, síbẹ̀, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

"Ìwé Ìdúró lẹ máa lọ gbà," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Tí ẹ bá ní in lọ́wọ́, ẹ lè máa kí gbogbo ayé lórí ìdúró, ọjọ́ orí yín á sì wà lọ́rùn yín láìyẹ̀. Màá kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mi ò já mọ́ nǹkan kan láìsí àtàǹpàkò ẹni tó dàgbà jù nínú ìdílé yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa béèrè, lórí ẹní."

"Kí n dọ̀bálẹ̀ kí n lè bẹ̀bẹ̀ pé kí n má dọ̀bálẹ̀ mọ́?"

"Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin, ẹ̀gbọ́n."

"Lẹ́tà mélòó lo ti kọ báyìí lọ́dún yìí?"

"Mẹ́tàdínlógún."

"Mélòó ló padà wá pẹ̀lú àtàǹpàkò?"

Nọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn rẹ̀ mọ́ ọwọ́. "Ẹ má jẹun kẹ́ ẹ tó lọ o," ni ó wí. "Kó tó wákàtí mẹ́rin. Ikùn òfìfo ni kẹ́ ẹ gbé lọ síbẹ̀."

Ní ọjọ́ kẹta, láàárọ̀, Dáhùnsi àti Ìbídàpọ̀ ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ tí okùn irin ń fà gòkè lọ sí agbo ilé Bàbá Àgbà Ọláníhún, ẹni tó dàgbà jù nínú ìdílé wọn, ní ṣóńṣó òkè níbi tí atẹ́gùn ti mọ́ fún àwọn àgbà. Òfin ní kí ọmọ ẹni tó ń tọrọ Ìwé Ìdúró wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Ìbídàpọ̀. Ẹní ló ń tún ṣe: tí ẹní ẹnu ọ̀nà kan bá ń ka èémí fò, òun ni wọ́n máa ń pè.

"Ìwọ tó o mọ inú ẹní," ni Dáhùnsi wí, "o ò lè bá mi dín iye èémí ti òkè yìí kù ni?"

"Bàámi! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wá mi délé ni?"

"Mo kàn ń ṣeré."

"Ẹ má fi irú rẹ̀ ṣeré." Ìbídàpọ̀ bojú wo àwọn tó wà nínú ọkọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹní Bàbá Àgbà, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Ọgọ́ta èémí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìgbà tí àwọn fúnra wọn bá wí pé dìde."

Ọkọ̀ náà ń gòkè. Àwọn òrùlé ilé àwọn ọmọdé ń kéré sí i nísàlẹ̀.

"O ò fẹ́ kí n gbà á," ni Dáhùnsi wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ojú rẹ ni."

Ìbídàpọ̀ fi èékánná yọ ìdọ̀tí lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Bàbá ọ̀gbẹ́ni kan níbi iṣẹ́ wa gba Ìwé Ìdúró nítorí eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pe ọmọ náà? Ọmọ Igi. Tó bá wọlé, wọ́n á ní, 'Ọmọ Igi, ṣé bàbá rẹ ti so èso?' Títí tó fi fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Ọmọ Igi." Dáhùnsi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀fun rẹ̀ ò jẹ́. "Tí Bàbá Àgbà ò bá wá fún mi ńkọ́?"

"Ẹ ó dìde, a ó lọ sílé, a ó wá nǹkan míì ṣe."

"Tí wọn ò bá wá ní kí n dìde ńkọ́?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá dìde kí àgbà tó wí, kò lọ́jọ́ orí mọ́. Ẹ mọ ọkùnrin tó ń gbá ojú títì nítòsí ilé ìwé wa àtijọ́? Ó tó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ọmọ iléèwé ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Ìyàwó rẹ̀ ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Kò ní baba, kò lọ́mọ."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Kí lẹ wí, Bàámi?"

"Mo ní ṣé ó ń rí oúnjẹ gbé mì."

Ìbídàpọ̀ yí ojú síta títí ọkọ̀ fi dúró.

Màmá Adúnọlá, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́fà, àbúrò Bàbá Àgbà, ni wọ́n kọ́kọ́ bá lágbàlá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un. Kò jẹ́ kó pẹ́, ó ní kí wọ́n dìde, nítorí oúnjẹ ti wà nílẹ̀, kò sì fẹ́ kó tutù. Iyán ni, funfun kínníkínní, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí òróró ata léfòó lórí rẹ̀.

Dáhùnsi wo abọ́ náà. Kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àná.

"Mo ti yó, Màmá."

"Yó? Ta ló bọ́ ọ? Ìyàwó rẹ tí kò mọ iná dá?"

"Mo jẹun kí n tó kúrò nílé ni, Màmá."

"Irọ́ lò ń pa, ikùn rẹ ń dún, mo ń gbọ́ ọ." Ìyá àgbà náà jókòó tì í, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀ bí aṣọ ìlédìí bo ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Èmi fúnra mi ni mo gún un. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ bá mi gún un, mo kọ̀. Mo ní ọmọ Fọlárìn ló ń bọ̀. Ẹni ọgọ́fà ọdún ku ọ̀kan ló gbé odó kalẹ̀ nítorí rẹ, o wá ní o ti yó?"

Ohun kan wà tí kò sí nínú òfin, tí ìlẹ̀kẹ̀ ò sì mọ̀. Kò sí ẹni tó máa mú Dáhùnsi tó bá ní òun ò jẹ. Ẹní ò ní sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìyá náà wà lára rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì ṣì ń gbọ̀n nítorí ọmọ odó, a sì ti kọ́ Dáhùnsi dáadáa nígbà tó wà ní kékeré. Ó fọwọ́. Ó ní òkèlè kan péré ni òun máa jẹ, kí ọkàn ìyá lè balẹ̀. Ó jẹ mẹ́jọ. Òkèlè kọ̀ọ̀kan dúró láàárín àyà rẹ̀ bí àlejò tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún, kó tó wá rọra sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Màmá Adúnọlá wí. "Ọmọ gidi."

Bó ti ń nu ọwọ́ ni wọ́n pè é láti inú yàrá.

Bàbá Àgbà Ọláníhún jókòó sórí àga gíga, ó ti kéré bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bá a mí. Ẹni ọdún mọ́kànlélógóje ni, òun ló bí Fọlárìn tó bí Dáhùnsi. Ìlẹ̀kẹ̀ Dáhùnsi gbọ̀n títí ó fi ń ta á lọ́rùn. Ìbídàpọ̀ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní kó dìde, ó sì lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó wá kan Dáhùnsi. Ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀.

"Dáhùnsi," ni Bàbá Àgbà wí. Ohùn rẹ̀ ṣì le bí ohùn ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò. "Ọmọ tí mo gbé jó. O káàbọ̀. Oúnjẹ ò ní kọ̀ ọ́."

"Àmín."

"Ohun tí o bá gbé sẹ́nu, á lọ síbi tó yẹ kó lọ."

"Àmín."

"O ò ní ti ọ̀run wá síbí wá fi àárọ̀ sùn. Ilẹ̀ ò ní lé ọ."

"Àmín," ni Dáhùnsi wí. Àmín kọ̀ọ̀kan ń ṣí ilẹ̀kùn kan nínú rẹ̀. Omi kíkan náà ti gba àárín àyà, ó ti mú ata dání. Ó di eyín mọ́ ara wọn. Ẹní ń kà: ogún, ọgbọ̀n. Bàbá ń gbàdúrà lọ, àdúrà tó dára, tó ti ọkàn wá. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

"Ọgọ́ta èémí ti pé," ni ẹní wí. "Ó ku ọ̀rọ̀ àgbà."

"Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé yẹn?" ni Bàbá Àgbà bi Ìbídàpọ̀.

Ìbídàpọ̀ mú lẹ́tà nọ́ọ̀sì jáde, ó kà á. Ó kà á kíákíá, bí ẹni ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀: pé ọ̀nà ọ̀fun Dáhùnsi ọmọ Fọlárìn ti wú, ó ti dégbò, ó ti ń fún, pé kí àgbà jọ̀wọ́ jẹ́ kó máa kíni lórí ìdúró.

Ẹ̀rọ ń mí.

"Ṣé ó máa ń kan ọ́ lẹ́nu ní ìdájí?" ni Bàbá Àgbà bi í. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Tó o bá gbé omi gbígbóná mì, ṣé ó máa ń dà bíi pé o gbé èékánná mì?"

Dáhùnsi fẹ́ gbé orí sókè, ó rántí pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

"Ìrọ̀rí mélòó lo fi ń sùn?"

"Mẹ́ta."

"Bàbá rẹ fi mẹ́rin sùn," ni Bàbá Àgbà wí. "Nígbà tó yá, ó ń sùn lórí ìjókòó."

Fọlárìn kú ní ọ̀dọ́, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Ohun tí wọ́n sọ fún Dáhùnsi ni pé ọkàn rẹ̀ ló dákẹ́ lójijì.

"Ó wá síbí," ni Bàbá wí. "Orí ẹní tó o wà yẹn ló wà. Ìwé bí èyí ló mú dání. Mo ní kó lọ máa jẹ ewúro, kó yé ṣe bí obìnrin. Nígbà tó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi ni. Mo tún ní rárá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n ní kí n wá wo òkú rẹ̀. Ó ti fúyẹ́ bí ìgbálẹ̀."

"Bàbá," ni Dáhùnsi wí, ó sì fi ọwọ́ tẹ ẹní, "ẹ bá mi fi àtàǹpàkò yín tẹ ìwé náà. Ẹ ti rí ibi tó máa já sí. Ẹ dákun, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́."

Jẹ́jẹ́ ni Bàbá Àgbà sọ ọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣàlàyé fún ọmọ tó fẹ́ràn.

"Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lónìí, a jẹ́ pé ó ṣeé tẹ̀ nígbà yẹn."

Ó wo àtàǹpàkò ara rẹ̀.

"Ogún ọdún ni mo ti ń sọ fún ara mi pé kò sí bí ó ṣe lè rí, pé ìkíni ni ìkíni. Òun nìkan ni mo fi ń rí oorun sùn. O wá fẹ́ kí n fi àtàǹpàkò mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo pa ọmọ mi?" Ó mi orí. "Mi ò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n màá gbàdúrà fún ọ. Mi ò gbàdúrà tó fún bàbá rẹ. Tìrẹ, màá ṣe é dójú àmì. Dúró síbẹ̀, má dìde. Olú ọ̀run á wo ọ̀fun rẹ sàn."

Àdúrà náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Dáhùnsi kò lè ṣe àmín. Iyán ti gbéra. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ọ̀fun, gbígbóná, kíkan, pẹ̀lú ata Màmá Adúnọlá, kò sì sí ibi tó máa gbà padà lọ nítorí pé gbogbo ara rẹ̀ wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ilẹ̀. Imú rẹ̀ ti dí. Ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn. Ó gbọ́ tí Bàbá dákẹ́, tó ń dúró de ìdáhùn.

"Bàámi," ni Ìbídàpọ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ẹ ní àmín. Ẹ jọ̀ọ́, Bàámi. Àmín péré ni."

Dáhùnsi ká eékún kan. Ó ká èkejì.

"Kò tíì pé," ni ẹní wí. "Kò tíì pé. Kò tíì…"

Ó dìde dúró. Ó fi ọwọ́ kan mú àga, ó na ọrùn, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó sì lọ sísàlẹ̀. Atẹ́gùn wọ inú rẹ̀. Nígbà náà ló mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Bàbá Àgbà wà níwájú rẹ̀, kò ju apá kan lọ sí i, ìlẹ̀kẹ̀ sì tutù bí òkúta odò.

Ó rò pé àgbà náà máa bínú. Ì bá sàn tó bá bínú. Bàbá Àgbà ń wo ibi tó dúró sí, bí ènìyàn ṣe máa ń wo àga tí kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀.

"Ìbídàpọ̀," ni ó wí.

"Bàbá."

"Ààyè bàbá rẹ ṣófo. Òfin ò fẹ́ kí ààyè ṣófo nínú ìdílé. Wá gba ààyè náà àti ọjọ́ orí rẹ̀, tàbí kí orúkọ Fọlárìn parí síbí."

Ìbídàpọ̀ wo Dáhùnsi. Ó wò ó dáadáa, láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ há nǹkan sórí. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Dáhùnsi fẹ́ sọ fún un pé kó gbà á, ó tún fẹ́ sọ fún un pé kó má gbà á. Èwo nínú méjèèjì ni ì bá kọ́kọ́ jáde, kò mọ̀, nítorí pé ohùn rẹ̀ kò tíì padà dé.

Ọmọ náà tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣe é mọ́ tónítóní, àyà, àgbọ̀n, ẹsẹ̀. Ta ló tún mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń tún ẹní ṣe lọ?

"Wàá dàgbà, wàá dogbó," ni Bàbá Àgbà wí.

"Àmín."

Dáhùnsi gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ síta. Lágbàlá, Màmá Adúnọlá ń kó abọ́. Ó dúró níwájú rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá náà na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé abọ́ iyán tó ṣẹ́kù, ó wọlé.

Ó wà níbẹ̀ lórí ìdúró, gangan, bí nọ́ọ̀sì ti fẹ́ kó máa wà. Omi kíkan náà ń fà sẹ́yìn kúrò ní ọ̀fun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń padà síbi tó ti wá, títí àyà rẹ̀ fi rọlẹ̀ pátápátá. Kò tíì rí irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀ láti bí ọdún kan. Láti inú ilé, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀: àmín, àmín, àmín. Ó ń kà á lọ.

Nígbà tí ó pẹ́, Ìbídàpọ̀ jáde. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ti wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ìbátan méjì tí wọ́n dàgbà jù ú lọ láàárọ̀ yẹn ti ń wá ẹní tí wọ́n máa fi kí i. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó rìn dé iwájú Dáhùnsi tó dí ọ̀nà, ó sì dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ẹ yà fún mi, ọ̀gbẹ́ni."

Dáhùnsi yà fún un.